Asọ̀rọ̀mágbèsì Ìyá Àgbà

Àpótí kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé wa ní Bẹẹrẹ tí èmi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Igi ni wọ́n fi ṣe é. Aṣọ tó bo iwájú rẹ̀ ti gba àwọ̀ eruku, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n, ó ti kú tipẹ́, orí rẹ̀ la máa ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Ìyá Àgbà ò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ló máa ń pè é, ó sì máa ń pè é bíi pé àpótí náà jẹ ẹ́ lówó.

Rediffusion ni àpótí náà. Kì í ṣe rédíò bí a ṣe mọ rédíò lónìí, torí afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń gbé ohùn wá fún un. Wáyà ni wọ́n fà láti ilé-iṣẹ́ dé òpó, láti òpó dé òrùlé, láti òrùlé dé ara ògiri. Èkó ni ìjọba òyìnbó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1935, kó tó dé Ìbàdàn. Ẹ ó máa sanwó lóṣooṣù, ohun tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́, kò sí pé ẹ fẹ́ yí i sí ibòmíì. Ìyá mi ní bí wọ́n bá ń ka ìròyìn, Ìyá Àgbà á dojú kọ ògiri, á máa dá a lóhùn: "Irọ́ ni! Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀wà ti wálẹ̀? Ẹ wá sí Ọjà'ba kí ẹ wá wò ó!" Àpótí á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà á pòṣé, á yí bọ́tìnnì sílẹ̀, á ní, "Ẹ ò rí i? Kì í gbèsì."

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti bá wa wá orúkọ tó gbayì lẹ́yìn ìgbà náà: ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ohun tí kò lè ṣe ni wọ́n wò. Àlejò wọlé, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí onílé ń sọ. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n pè é? Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn níbí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, tí wọ́n ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ojú ọlọ́rọ̀ kún ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò tíì là.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì, kí n máa gbé ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì gun òrùlé olórùlé káàkiri ìlú yìí. Nínú ìwé iṣẹ́ wa, simplex ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ tí Ìyá Àgbà ń bá jà: ọ̀rọ̀ ń lọ síbi kan ṣoṣo, kì í padà. Mo ti gbọ́ "kò ṣiṣẹ́" lẹ́nu oníbàárà tí n kò lè kà á mọ́. Tí mo bá débẹ̀ tí mo wò ó fínnífínní, lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ ń lọ geerege. Èsì ni kò rọ́nà bọ̀.

Kí n tó kọ́ṣẹ́, mo bá wọn ṣọ́ géètì ní gbọ̀ngàn àríyá kan lápá Ring Road. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni, owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún wa ní wọ́kì-tọ́kì, ó sì máa ń ṣe mí bíi ọlọ́pàá. Mẹ́rin ni: ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, ọ̀kan ní ìdáná, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá wa nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sinmi díẹ̀, sọ̀rọ̀, sọ pé "over", yọwọ́. Ìgbà tó o bá yọwọ́ lo tó lè gbọ́ tẹlòmíì.

Àńtẹ́nà kan ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ìgbì kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì jọ ń lò. Bí o bá ti tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á gba àńtẹ́nà lọ́wọ́ etí, á gbé e fún ẹnu. Half-duplex nìyẹn. Ẹ ti rí i níbi tí wọ́n bá ti ń tún títì ṣe, tí ọmọkùnrin kan di àsíá pupa mú lápá ìhín, tí èkejì di àsíá aláwọ̀ ewé mú lápá ọ̀hún. Ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ ń gbà lọ, òun náà ni wọ́n ń gbà bọ̀, àmọ́ wọn ò jọ gbà á pọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo fi wọ́kì-tọ́kì kọ́ ìgbànú, mo jókòó sórí àga oníke tó ní apá. Apá àga tẹ bọ́tìnnì mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò sì mọ̀. Èmi àti Lásùn, tó ń gba káàdì ìpè lọ́wọ́ àlejò, bá ń tàkúrọ̀sọ. Mo ní ọ̀gá wa ti jẹ àwo ìrẹsì mẹ́ta láti àárọ̀, àwa ń jẹ puff-puff. Mo ní agbádá tó wọ̀ yẹn, ó yá a ni. Mo tún sín ohùn rẹ̀ jẹ, Lásùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìdáná gbọ́. Àwọn tó wà níbi mọ́tò gbọ́. Ọ̀gá gbọ́, àwọn ẹbí ìyàwó tó dúró tì í náà gbọ́. Ó tẹ tiẹ̀, ó pariwo pé kí n kúrò lórí ẹ̀rọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Etí mi ti dí láti ìgbà tí apá àga ti tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ kékeré kan tó ń fọ abọ́ ní ìdáná ló sáré wá nígbẹ̀yìn, ó ń mí hẹlẹ: "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní kí ẹ dìde lórí bọ́tìnnì."

Nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi tí mo dí ọ̀nà nìkan ni wọn ò lè sọ fún pé mo dí ọ̀nà. Mo ti rí irú àga yẹn lábẹ́ àwọn èèyàn ńláńlá láti ìgbà náà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ géètì mi parí.

Tèmi pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irú ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tó ń darí wọn láti ilẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ títí di òní. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, ní Tenerife, erékùṣù kan lára ti ilẹ̀ Sípéènì, ọkọ̀ Boeing 747 méjì wà lórí ọ̀nà ìgbéra kan náà, kùrukùru sì bo ojú. Èyí àkọ́kọ́ ti ń múra láti gbéra. Àwọn tó wà nílẹ̀ ní kó dúró ná, ọkọ̀ kejì náà ní òun ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni àwọn méjèèjì fọhùn. Ohùn méjèèjì pàdé lójú ọ̀run, wọ́n bara wọn jẹ́, súfèé ni ó dé etí awakọ̀ tó ń sáré bọ̀. Ẹni 583 ló kú. Nǹkan mìíràn pọ̀ tó fà á, àmọ́ ìkìlọ̀ méjì wà lójú ọ̀run tí ì bá dá a dúró, ọ̀kan sì dí ọ̀nà mọ́ èkejì.

Tẹlifóònù olówáyà ti Alexander Graham Bell bẹ̀rẹ̀ ní 1876 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni méjì lè jọ sọ̀rọ̀ láìsí bọ́tìnnì. Wáyà méjì péré ló wọ ilé, ohùn tó ń lọ àti ohùn tó ń bọ̀ sì jọ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú fóònù tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ohùn ẹni má baà bo tẹni tó wà lódìkejì. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọn ò yà á tán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohùn yín kó padà sí etí yín, torí tí ẹ ò bá gbọ́ ara yín rárá, ẹ máa rò pé láìnì ti kú, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ìyá Àgbà ò nílò ìyẹn kó tó pariwo. Lójú tirẹ̀, bí ibi tí ẹni náà wà bá ṣe jìn tó ló yẹ kí ohùn ròkè tó, ohùn tó bá sì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo Bẹẹrẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ní oṣù Kẹjọ 2001 ni GSM dé. Àǹtí mi kan ń ta "call" lábẹ́ agboòrùn ní Dùgbẹ̀, nígbà tí ìṣẹ́jú kan ń lọ ní bíi 50 náírà. Mo máa ń jókòó tì í lẹ́yìn iléèwé. Bí oníbàárà bá gba fóònù, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ á lọ sórí gbólóhùn kan: "Ṣé ò ń gbọ́ mi? Mo ń gbọ́ ẹ o. Mo ní mo ń gbọ́ ẹ! Ìwọ lo ò gbọ́ mi!" Wọ́n á dìde, wọ́n á rìn lọ síbi òpó iná, wọ́n á padà wá, Àǹtí á sì máa wo aago.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Másìtì tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún ń fọhùn pẹ̀lú iná tó lè tó ogún wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ga. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, wáàtì méjì ni ẹ̀mí rẹ̀ mọ lórí báńdì 900, ìyẹn ìgbì tí GSM fi bẹ̀rẹ̀, inú bátìrì tín-ín-tín ló sì ti ń fà á. Ìbàdàn wa yìí, òkè ló kún ibẹ̀: Mápó, Mọ́kọ́lá, Òkè Àrẹ̀. Ẹni tó bá wà ní kòtò, lẹ́yìn òkè, lábẹ́ páànù, másìtì lè kígbe títí kó gbọ́ ọ, kí ohùn tiẹ̀ má sì dé ọ̀dọ̀ másìtì. Igi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó máa ń hàn lójú fóònù, bí fóònù ṣe ń gbọ́ másìtì ló ń sọ fún yín. Kò sọ nǹkan kan nípa bí másìtì ṣe ń gbọ́ yín. Mo ti ṣàlàyé èyí fún oníbàárà tí kò lóǹkà, wọ́n á na fóònù sí mi: "Wò ó, ó kún!" Ó kún lóòótọ́.

Àwọn tó ṣètò GSM mọ̀ pé fóònù ló jẹ́ aláìlágbára. Báńdì 900 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n pín in sí méjì. Fóònù ń sọ̀rọ̀ láàrin 890 sí 915 MHz, másìtì ń fèsì láàrin 935 sí 960. MHz kan ni kí ìgbì gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì tó kéré ní nọ́ńbà kì í tètè rẹ̀ lójú ọ̀nà bíi tèyí tó pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e fún ẹni tí agbára rẹ̀ kéré. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i pé wọ́n rántí tálákà.

45 MHz ló wà láàrin ohùn tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, wọn ò sì fi í ṣeré. Ohùn tí fóònù ń gbé jáde lè fi ìlọ́po tírílíọ̀nù kan ju èyí tó ń gbọ́ lọ. Ẹ dúró síwájú sípíkà níbi òwàǹbẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ́tí sí ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní òdìkejì odò Ògùnpa. Bí méjèèjì bá wà lórí ìgbì kan náà lásìkò kan náà, kò sí bí etí fóònù ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń pe òun.

Wọ́n tún wá ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Fóònù GSM kì í sọ̀rọ̀ kó tún máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà rárá. Wọ́n pín ìgbì kọ̀ọ̀kan sí ipò mẹ́jọ, fóònù mẹ́jọ ń gbà á yí po, yíyípo kan ò sì pé ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá. Ipò tí fóònù yín fi ń gbọ́ á kọ́kọ́ kọjá, lẹ́yìn ipò mẹ́ta ni tiẹ̀ láti sọ̀rọ̀ á tó kàn. Bíi ìgbà 217 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́kì-tọ́kì ni, kò yàtọ̀ sí tèmi ní Ring Road, àfi pé ìka tó wà lórí bọ́tìnnì yára ju kí etí èèyàn lè rí i mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ ti gbọ́ ìka náà rí. Ẹ rántí bí ẹ bá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, tí rédíò á ṣàdédé ké, tì-tì-rì, tì-tì-rì, drrrrr, kí fóònù tó dún? Àwa máa ń sọ pé, "Ìpè ń bọ̀," bí ẹni ríran. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé másìtì ti ké sí fóònù, fóònù sì ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ dáhùn pé òun wà níbí, kí agogo rẹ̀ tó lù. Ìpè tó ń wọlé kọ́ ni rédíò ń gbọ́, èsì tó ń jáde ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá di ẹni tó kọ́kọ́ ń gbọ́ èsì nínú ilé, ó sì ń tú àṣírí rẹ̀. Àwọn fóònù tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ariwo yẹn. Èmi ṣì ń retí rẹ̀ nígbà míì.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló bà mí lórúkọ jẹ́ jù. Ọ́fíìsì kan lápá Bódìjà ni, kò ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Màdáámù tó ń ṣírò owó wọn pè mí pé kọ̀ǹpútà òun ń falẹ̀ bí ìgbín. Mo dé ibẹ̀, mo fi ping, ọ̀rọ̀ kékeré tí ẹ̀rọ fi ń bi ẹ̀rọ bóyá ó wà, wò ó: àlọ àti àbọ̀ pé, kò sọ ẹyọ kan nù. Mo ní, "Màdáámù, kò ṣe nǹkan kan." Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní kí n ká ọwọ́ mi jọ, kí n máa wò. Wọ́n gbé fáìlì owó oṣù kan, wọ́n ní kó lọ sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn ń kó fáìlì sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún rìn díẹ̀, ó dúró. Màdáámù mu tíì tán kó tó dé ìdajì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pààrọ̀ nǹkan. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ orí wáyà, mo pààrọ̀ káàdì kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kẹta, òjò ń rọ̀, kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé, mo wá wọ inú switch méjèèjì lọ, àwọn àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti ń pàdé. Mo rí i. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ti fi ọwọ́ ṣètò ojú ibi tí wọ́n so switch àtijọ́ pọ̀ mọ́ èyí tuntun sí full-duplex, kó máa sọ̀rọ̀ kó sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Switch tuntun wà lórí auto, kó máa fúnra rẹ̀ yan èyí tó máa lò.

Wáyà nẹ́tíwọ̀kì ní ẹ̀ka mẹ́jọ tí wọ́n lọ́ ní méjìméjì. Nínú èyí tó ń sáré 100 megabit, méjì ló ń sọ̀rọ̀, méjì mìíràn ló ń gbọ́. Ọ̀nà ti di méjì nìyẹn, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti dúró de ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ayé àtijọ́ Ethernet, ètò tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, èyí tí Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ ní 1973, wáyà kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò. Kọ̀ǹpútà á tẹ́tí kó tó sọ̀rọ̀. Bí ẹni méjì bá ṣèèṣì jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ti forí gbárí, àwọn méjèèjì á dákẹ́, wọ́n á dúró fún ìgbà díẹ̀ tí kò dọ́gba, wọ́n á tún gbìyànjú. Ìwà ọmọlúàbí ni. Switch méjì tí wọ́n bá wà lórí auto máa ń kọ́kọ́ bára wọn ṣàdéhùn èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti ṣàdéhùn torí pé wọ́n ti fọwọ́ dè é, èkejì lè mọ bó ṣe ń sáré tó, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Á wá gbà pé ti àtijọ́ ni, á lọ sí half.

Ìyẹn ni pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú, ó gbà pé ọ̀nà méjì ló wà. Èkejì ń dúró kí ohùn tó ń bọ̀ dákẹ́ kó tó fọhùn, tó bá sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀rọ̀, á rò pé àwọn forí gbárí, á gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, á padà sẹ́yìn. Ping jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré: "Ṣé o wà?" "Mo wà." Kò sí ìjà níbẹ̀. Fáìlì owó oṣù ni ìjà. Mo gbé méjèèjì sí auto, fáìlì Màdáámù sì kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́jú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo aago, wọ́n ní, "Ohun tó gbà ọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta nìyẹn?" Mo dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kí ni n bá tún sọ? Wọ́n dín owó mi kù.

Mo ti bá tọkọtaya kan tí ọ̀rọ̀ wọn rí bí switch yẹn jẹun rí, torí náà n kò ṣe bíi pé ẹ̀rọ nìkan ni.

Ṣíṣàdéhùn kí a tó sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa o. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Bẹẹrẹ á ní, "Àgò onílé o!" Ará inú ilé á ní, "Àgò yà!" Àlejò á wá wọlé, á kí wọn. Mẹ́ta ni. Ohun tí Vint Cerf àti Bob Kahn gbé kalẹ̀ ní 1974, tó di TCP tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́: ẹ̀rọ kan á kan ìlẹ̀kùn, èkejì á ní òun gbọ́, kí ìwọ náà jẹ́ kí òun mọ̀ pé o gbọ́, àkọ́kọ́ á ní mo gbọ́, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹrù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ló ní nọ́ńbà, ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbà á. Tí èsì bá pẹ́ jù, ẹni tó fi ránṣẹ́ á tún un fi ránṣẹ́. Ohùn ìpè ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe fún, torí ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ dé nínú ìpè ti di ọ̀rọ̀ àná. Wọ́n á jẹ́ kó bọ́ sọnù, ẹ ó sì gbọ́ ohùn tó ń já wálá-wàlà.

Nínú àrokò ayé àtijọ́, èèyàn lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tó wù ú. Ẹfà: ọkàn mi ń fà sí ọ. Tó bá wù ẹni náà, mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀jọ: bó ṣe rí lára rẹ ló jọ rí lára mi. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, nígbà tí mo ń bínú pé ẹnì kan ka ọ̀rọ̀ mi lórí WhatsApp, àmì méjèèjì ti di búlúù, kò sì fèsì. Wọ́n ní, "Ó ti gba ẹfà rẹ. O kò ṣáà tíì rí ẹ̀jọ." Ẹni tó fi ẹ̀jọ ránṣẹ́ náà ńkọ́? Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó dé? Bí ẹ bá ní kí àkọ́kọ́ tún fi nǹkan ránṣẹ́ láti sọ pé ó dé, ẹni tó fi ìyẹn ránṣẹ́ náà á tún wà nínú iyèméjì. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tò ó, ẹni tó fọhùn kẹ́yìn ni kì í mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ òun. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti gbà pé kò ṣe é yanjú.

Lóṣù tó kọjá, mo wà nínú Micra láàrin Ìwó Róòdù àti Gate, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa. Dẹ́rẹ́bà tan rédíò, ètò tí àwọn aráàlú máa ń pè wọlé sí ni. Olóòtú ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọjà ti ń rọ̀, ó ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni tó wà lórí láìnì.

"Ẹ n lẹ́ o. Ẹ n lẹ́... ẹ n lẹ́ o..."

"Ẹ dín rédíò yín kù, Mà."

Ohùn náà ń sọ̀rọ̀, ó ń dúró, ó ń kálòlò. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ ń gba fóònù lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, wọ́n ń gbé e sí afẹ́fẹ́, ó ń padà wá bá a láti inú rédíò tirẹ̀ nínú pálọ̀, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Bí ohùn ẹni bá fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó wọ etí ẹni, ahọ́n á lọ́ tìkọ̀. Ẹni tí kò kálòlò rí á máa kálòlò.

"Ẹ dín rédíò kù, Mà, ẹ máa gbọ́ wa lórí fóònù."

Ariwo lọ sílẹ̀. Ohùn náà wá jáde ketekete: "Irọ́ ni! Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀wà ti wálẹ̀? Ẹ wá sí Ọjà'ba..."

Láìnì já. Olóòtú ní a pàdánù Màmá, ó pe ẹlòmíì.

Dẹ́rẹ́bà lu sítíà. "Òótọ́ ni ìyá yẹn ń sọ! Ẹ̀wà wo ló wálẹ̀? Ìyàwó mi rà á láàárọ̀ yìí!" N kò sọ nǹkan kan. Kò tó ìṣẹ́jú kan, fóònù mi dún.

"Mo pe àwọn rédíò," ni ìyá mi wí. "Mo ti pa rédíò tèmi, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ṣé o wà níbi tí rédíò wà? Ṣé wọ́n gbọ́ mi?"

Ọkọ̀ ò rìn. Mo na fóònù sí dẹ́rẹ́bà.